Ilé Sri Aurobindo ní Pondicherry: ẹ má dé bẹ̀ lọ́sàn-án gangan

Àìsàn ọkàn bàbá wa ló gbé wa dé Chennai ní India. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ parí, tí okun ń padà sí i lára, òun fúnra rẹ̀ ló lé èmi àti Màmá jáde: “Ẹ lọ nasẹ̀ díẹ̀, ojú yín ti sú mi.” Nọ́ọ̀sì kan ló ní ká lọ wo ilé Sri Aurobindo, olùkọ́ ẹ̀mí kan tó ti kú, ní ìlú Pondicherry létí òkun. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ti Bàbá, àwa méjì wọ bọ́ọ̀sì, ó gbà wá ju wákàtí mẹ́ta lọ.

Agogo 12 ti kọjá ká tó dé, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Agogo 8 sí 12 ni wọ́n ń ṣí láàárọ̀, 2 sí 6 lọ́sàn-án. Oní-Márúwá tó gbé wa láti gáréèjì mọ̀. Ó gba rúpì 200 tán kó tó sọ ọ́. A lọ jókòó létí òkun, a jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.

Ilé náà kì í ṣe ààfin o. Ilé aláwọ̀ eérú ni, ẹ lè kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀. Wọn kì í gbowó ìwọlé. Ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó pa fóònù, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 ò gbọdọ̀ wọlé.

Ọmọ Bengal, lápá ìlà-oòrùn India, ni Sri Aurobindo yìí, Cambridge ló ti kàwé. Ó padà sílé, ó kọjú ìjà sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tì í mọ́lé bí ọdún kan lórí ẹjọ́ bọ́ǹbù kí ilé ẹjọ́ tó dá a sílẹ̀. Ní 1910 ó sá wá sí Pondicherry, nítorí Faransé ló ni ibẹ̀ nígbà náà. (Àwọn ará Kétu wa sá fún Faransé bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tirẹ̀ yí padà.) Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní 1950. Láti 1926 ló ti wọ yàrá lọ, ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún làwọn èèyàn ń rí i. Mirra Alfassa, obìnrin tí wọ́n bí ní Paris tí wọ́n ń pè ní Ìyá, ló ń bójú tó gbogbo nǹkan.

Àgbàlá gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ ń kọ èyí. Igi ńlá kan ṣíji bo sàréè òkúta mábù funfun tí àwọn méjèèjì wà. Wọ́n fi òdòdó tútù ṣe ọnà sórí rẹ̀, tùràrí ń rú, àwọn èèyàn ń fi iwájú orí kan òkúta. Màmá, ọmọ ìjọ Sẹ́lẹ́, wo ẹsẹ̀ wa tí kò sí bàtà, ó gbóòórùn tùràrí, ó ní, “Ṣé o ò rí i pé bíi tiwa ni?” Ẹ̀ṣọ́ kan fi ìka sétè. Màmá tó ń ta aṣọ ní Gbági, tí oníbàárà ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdìkejì títì, wá jókòó ní wákàtí kan gbáko láìfọhùn. Ìgbà tí a jáde ló tó bi mí pé ta ló kú níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé a ò rí yàrá rẹ̀. Ọjọ́ pàtàkì nìkan ni wọ́n ń ṣí i, irú ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ tí wọ́n bí i, tàbí 24 oṣù kọkànlá. Ẹni tó bá lọ lọ́jọ́ lásán, àgbàlá àti ilé ìtàwé ló máa rí. Mo gbé ewì rẹ̀ tí ìlà rẹ̀ sún mọ́ 24,000 wò níbẹ̀, mo rọra dá a padà. Tùràrí la rà.

Ó ku igi mẹ́rin. Màmá ti tì í mọ́nú àpótí, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.