ÌKÌLỌ̀: Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì "fully synthetic" 5W-40 tí ọlọ́jà kan ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ayédèrú gbáà ni!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò eré, pàápàá ẹ̀yin oní-tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fi ipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì), ẹ dákun ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó sanwó ọ́ìlì fún ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ìgò méje ni mo rà, lítà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì N54 ti BMW, oní-tọ́bò méjì, lítà 6.5 ló ń mu tí a bá pààrọ̀ fíltà mọ́ ọn, ààbọ̀ lítà á sì ṣẹ́kù. Ẹ rántí ààbọ̀ lítà yẹn, òun ló padà tú àṣírí. Wọ́n kọ "fully synthetic" gàdàgbà sára ìgò, wọ́n kọ API SP (ìpele ọ́ìlì tí àjọ epo Amẹ́ríkà, API, fi lélẹ̀), wọ́n kọ Longlife-01 (LL-01, ìlànà ọ́ìlì ti BMW fúnra wọn). Iye tí ọlọ́jà náà pè é sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí iye tí àwọn yòókù ń pè é. Mo mọ̀, mo mọ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Ojúkòkòrò lẹ máa pè é. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ márùn-ún ló wà lórí orúkọ ọlọ́jà yìí! Àwọn èèyàn ń yìn ín, ó sì ń dáhùn ìbéèrè bí ẹni tó mọṣẹ́. Kí ni kí n tún ṣe, àbí kí n lọ tẹ́ní sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń po ọ́ìlì ni?

Ohun tó wá burú nínú N54 ni pé kò ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Ẹ̀rọ ló ń wọ̀n ọ́n, orí dáṣíbọọ̀dù lẹ ti máa rí i, bó ṣe pọ̀ tó nìkan ló sì máa sọ. Kò mọ̀ bóyá ọ́ìlì ni tàbí omi ìfọṣọ. Tẹ́ ẹ bá ti dà á sínú tán, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá tún fà á kẹ́ ẹ tó fojú kàn án.

Nígbà tó rin bíi 600 km, ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin, á sì dákẹ́. Agbára ọ́ìlì ló ń ti ohun tó ń fa ṣéènì náà le. Tí ọ́ìlì bá ti fẹ́lẹ́ jù, gbogbo rẹ̀ á ti ṣàn padà sísàlẹ̀ ní òru, ṣéènì á dẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ, mo sì ní òtútù ni. Òtútù! Èmi tí mo máa ń sọ fún ẹlòmíì pé kó má fojú kékeré wo ariwo àárọ̀.

Ní 900 km, kóòdù àṣìṣe 2A82 àti 2A87 yọ. VANOS nìyẹn, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ọ́ìlì yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, ti ibi tí afẹ́fẹ́ ń bá wọlé àti ti ibi tí èéfín ń bá jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ N54 á ní solenoid (fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì lọ sí VANOS) ló dọ̀tí, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo ra tuntun méjì, mo dè wọ́n, ọjọ́ kejì ni kóòdù padà wá. Ẹ rí i, mo tún fi owó lé owó nítorí ọlọ́ṣà kan! Solenoid kò lè fi ohun tí kò sí ṣiṣẹ́: bí ọ́ìlì kò bá ní agbára tó máa fi ti gíà VANOS, ẹ pààrọ̀ ogún solenoid, ibì kan náà lẹ máa wà.

Ní 1,400 km, iná pupa tó ń kìlọ̀ pé agbára ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ tàn. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lójú kan, ọ́ìlì gbóná dé 120°C, èyí tí kò ṣàjèjì fún mọ́tò yìí tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo pa á lójú ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.

Nígbà tí a fà á, ó tú jáde wàrà bíi kẹrosíìnì, ó dúdú, ó ń rùn bí ohun tó jóná lẹ́ẹ̀mejì. Mo gé fíltà, mo tẹ́ bébà inú rẹ̀, mo fún un gbẹ: ohun wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi bàbà ló kún àárín ìṣẹ́po rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ férémù iwájú kalẹ̀ nìyẹn, torí páànù ọ́ìlì kì í jáde láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn bíárìn ọ̀pá písítìn ti họ dé bàbà. Mo fi èékánná wọ́ ojú kráńkì (ọ̀pá ńlá tí àwọn písítìn ń yí), ó ń kọ́ mi lọ́wọ́. Tí èékánná bá ti ń kọ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá kí a kàn pààrọ̀ bíárìn.

Àwọn kan á ti máa sọ pé pẹ́tírọ́ọ̀lù ló ń jò láti ẹnu injector (ohun tó ń fín pẹ́tírọ́ọ̀lù sínú ẹ́ńjìnnì) tí ọ́ìlì náà fi fẹ́lẹ́. Mo ti retí yín. Mo fi ọ́ìlì tí a fà ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì fi ààbọ̀ lítà tó ṣẹ́kù nínú ìgò kún un, èyí tí kò dé inú ẹ́ńjìnnì rí. Èyí tí a lò, 7.4 cSt (òṣùwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ki tó) ní 100°C. Èyí tí kò fojú kan ẹ́ńjìnnì, 8.2! SAE J300, ìlànà tí wọ́n fi ń pín ọ́ìlì bó ṣe ki tó, ní kí ohun tó bá ń pe ara rẹ̀ ní 40 (ìyẹn 40 inú 5W-40) wà láàárín 12.5 sí 16.3. Kódà 30 láti 9.3 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n tà fún mi kò tó 30, wọ́n sì lẹ 40 mọ́ ọn lára. Zinc àti phosphorus tó ń dáàbò bo irin nígbà tí irin bá kan irin, ìwọ̀nba ṣín-ún ló wà níbẹ̀. Tọ́bò tó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ìyẹn ni wọ́n gbé e lé. Ọlọ́run á bá wọn wí.

Ṣé kò sí àmì ni? Ó wà. Ẹ bá ẹrú wí, kẹ́ ẹ bá ọmọ wí. Òrùka abẹ́ ìdérí kò já "pá" nígbà tí mo ṣí i, ó kàn yọ́ kúrò. Lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ṣí ní igun nígbà tí mo fi àtàǹpàkò ti í. Iwájú ní SP, àmì róbótó API tó wà lẹ́yìn ní SN, ìpele àtijọ́ tó wà ṣáájú SP. Àkókò tí wọ́n rọ ìgò kún, tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀, bákan náà ló rí lára ìgò méjèèje títí dé ìṣẹ́jú-àáyá. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ tẹ àkókò sára ìgò méje lẹ́ẹ̀kan náà? Gbogbo èyí ni mo rí LẸ́YÌN tí ẹ́ńjìnnì kú.

Ẹ gbọ́ o, kí n yára sọ èyí. "Meets LL-01" kọ́ ni "LL-01 approval". Àkọ́kọ́ yẹn, ẹnu lásán ni. Èkejì, ẹ wá orúkọ ọ́ìlì náà gan-an nínú àkójọ tí ilé iṣẹ́ mọ́tò gbé jáde. Ti API náà, wọ́n ní àkójọ àwọn tó gba ìwé àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fi àwọ̀ mọ ojúlówó, aró kò wọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní ìdánwò fìrísà, kẹ́ ẹ gbé e síbẹ̀ mọ́jú kẹ́ ẹ wo bóyá ó ṣì ń ṣàn, ọ́ìlì lásán (tí kì í ṣe sintẹ́tíìkì) tó máa ń dì nìkan ló lè mú. Tèmi yìí ì bá yege níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, torí ó fẹ́lẹ́. Kí ẹ sì máa fi díẹ̀ pamọ́ sínú ìgò rẹ̀ nígbà gbogbo. Láìsí ààbọ̀ lítà yẹn, wọn ì bá ti sọ mí di òpùrọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí sá padà sí ọ́ìlì lásán o. Kì í ṣe sintẹ́tíìkì ló ṣe mí. Wọ́n sì lè kọ "synthetic" sára irú ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní Group III, èyí tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe, láti 1999 ni wọ́n ti gbà á bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe jìbìtì; èyí tí wọ́n bá pò dáadáa nínú rẹ̀ á sin mọ́tò yín. Jìbìtì ni kọ́ńdẹ́ẹ̀mù (ọ́ìlì àlòkù) tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n wá rọ sínú ìgò tó rẹwà.

Mo kọ̀wé sí ọlọ́jà náà. Ó ní mẹkáníìkì mi ló bà á jẹ́. Mo fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́, ó dí mi lọ́nà kí n má lè kọ̀wé sí i mọ́, ọjà rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ní tèmi o, n kò gba ọlọ́jà kankan gbọ́ mọ́, tìràwọ̀-tìràwọ̀ wọn. Bóyá mo ń fi ẹnìkan bú gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí n bú wọn ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra èyí tí wọ́n kọ SP síwájú tí wọ́n kọ SN sẹ́yìn, tó sì ti wà nínú ẹ́ńjìnnì yín, ẹ má wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ má tilẹ̀ tan án láti gbé e kúrò lójú kan. Kí wọ́n wá fà á níbi tó wà, kẹ́ ẹ sì gé fíltà yẹn.