Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ẹ́ńjìnì Tdi tòkunbọ̀ fún Land Rover àtijọ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní Land Rover àtijọ́ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó ẹ́ńjìnì fún ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò kan wà tó ń ta ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ fún àwa tí a ń tún ọkọ̀ ṣe fúnra wa nínú ọgbà ilé. Ọ̀nà tó ń gbà jẹ owó èèyàn ti hàn sí mi kedere báyìí, torí ó ti ṣe é fún ju ẹnì kan lọ nínú àwọn tí mo mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ́níyà wà nínú wọn, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba l'Abẹ́òkúta náà sì wà nínú wọn. Mi ò ní dárúkọ oníṣòwò náà síbí, torí ẹjọ́ rẹ̀ wà níwájú àwọn àgbà ọjà, mi ò sì fẹ́ ohun tó máa da ẹjọ́ náà rú. Ọgbọ́n ẹ̀tàn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló ń lò ó.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ máa rí àwòrán ẹ́ńjìnì kan lórí WhatsApp, wọ́n á ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé 200Tdi ni, ìyẹn irú ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì kan tí Land Rover ṣe, pé kò sí ohun tó dín lára rẹ̀, pé ó ní gáráńtì ọjọ́ méje. Ẹ bá pè é. Kó tó dá iye lé e, ìbéèrè kan ló máa kọ́kọ́ bi yín: "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa bá yín gbé e sínú ọkọ̀?" Bí ẹ bá dárúkọ mẹkáníìkì kan tí wọ́n mọ̀ lọ́jà, ohùn rẹ̀ á yí padà, á ní ẹnì kan ti fi owó sílẹ̀ lé ẹ́ńjìnì náà, pé kí ẹ padà pe òun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ilé lẹ ti fẹ́ ṣe é, ẹ̀yin àti àbúrò yín, ní Sátidé Sátidé, ara rẹ̀ á yá gágá. Á yọ owó fún yín láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́. Á ní òun fúnra òun ló máa bá yín wá ọkọ̀ tó máa gbé e wá.

Gáráńtì ọjọ́ méje yẹn ló fà á. Nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó ní ọmọṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin, ọjọ́ méje tó láti yọ ẹ́ńjìnì àtijọ́, kí wọ́n gbé tuntun wọlé, kí wọ́n sì wà á yípo àdúgbò. Nílé, kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Ẹ ṣì máa yá ṣéènì búlọ́ọ̀kì. Bóòtù tó ti dípẹtà láti ogójì ọdún á já mọ́ yín lọ́wọ́. Ìjókòó ẹ́ńjìnì tẹ́lẹ̀ kò ní bá tuntun mu, wẹ́dà á ní ọ̀la, ọ̀la á di ọ̀túnla. Páìpù èéfín, rédíétọ̀, ọ̀nà epo, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ àkókò tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi máa tan ẹ́ńjìnì náà fún ìgbà àkọ́kọ́, gáráńtì ti kú tipẹ́. Oníṣòwò yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, òun ló ṣe jẹ́ pé ẹ́ńjìnì tí kò lè tà fún mẹkáníìkì gidi ló ń kó fún àwa ará ilé.

Ọ̀rọ̀ bàbá Abẹ́òkúta yẹn ló bí mi nínú jù. Series III ni ọkọ̀ wọn, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1971 sí 1985. Ẹ ó rántí pé Leyland Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ń to Land Rover jọ nílùú wa nígbà náà, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ yìí ṣì pọ̀ lóko àti lábúlé wa. Ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù 2,286 cc tó bá a wá ti ń jẹ ọ́ìlì, bàbá sì fẹ́ ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì tó ní tọ́bò, ìyẹn ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára sí i. Èrò tó dáa ni. 200Tdi ni gbogbo àwa tí a fẹ́ràn Series ń wá, torí búlọ́ọ̀kì rẹ̀ kò jìnnà sí ti àtijọ́, èèyàn lè so ó mọ́ àpótí gíá tó wà nínú ọkọ̀ láìdá gbogbo nǹkan rú. Bàbá sanwó 200Tdi. Ohun tí wọ́n gbé wá já sílẹ̀ fún wọn ni 19J, ẹ́ńjìnì Land Rover mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n tú ìyẹn palẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn náà jinlẹ̀ sí. Land Rover ṣe 19J láti 1986 títí di 1990, ó jẹ́ dísẹ̀lì, ó ní tọ́bò, 2,495 cc ni. 200Tdi dé nínú Discovery ní 1989, ó wọ Defender lẹ́yìn rẹ̀ (irú ọkọ̀ Land Rover ni méjèèjì), òun náà jẹ́ dísẹ̀lì, ó ní tọ́bò, 2,495 cc ni. Tí oníṣòwò bá ń pariwo "2.5 tọ́bò dísẹ̀lì" sí yín létí, kò parọ́ rárá, ẹ ò sì tíì mọ èyí tó fẹ́ tà fún yín. Bẹ́ẹ̀, ìwà wọn jìnnà síra. Inú sílíńdà ní tààrà ni 200Tdi ti ń fún epo, 19J kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsàn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ 19J ni kí písítìnì rẹ̀ sán, kí èéfín máa ti ikùn ẹ́ńjìnì gbé ọ́ìlì lọ sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Owó tí èèyàn máa fi ra ọ̀kan kò yẹ kó fi ra èkejì láéláé.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Lórí ibi pẹlẹbẹ kan lára búlọ́ọ̀kì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 11L, 200Tdi Defender ni. 12L jẹ́ ti Discovery. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 19J, ẹ ti mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò ya nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe fọ́tò, kí kámẹ́rà sì ti orí nọ́ńbà rìn yí gbogbo ẹ́ńjìnì ká láìdúró. Èyí tí wọ́n gbé wá fún bàbá, wọ́n ti fi fáìlì há ojú nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ẹ fi ọwọ́ pa ibẹ̀. Tó bá ń dán ju irin tó yí i ká lọ, tàbí tí lẹ́tà kan ga tí èkejì lọ sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un, iye yòówù kó sọ. Ìwé ọkọ̀ wa ní Nàìjíríà ń gbé nọ́ńbà ẹ́ńjìnì. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ibi tí ẹ ti rí ẹ́ńjìnì tí wọ́n há nọ́ńbà rẹ̀ dànù, oníṣòwò yìí kò ní sí níbẹ̀. Tí nọ́ńbà bá sì mọ́, ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí lára, torí ẹ máa nílò rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ yí ìwé ọkọ̀ padà.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni irọ́ tó ń pa pé òun kò lè tan ẹ́ńjìnì náà fún yín nílẹ̀. "Bàbá, wáyà rẹ̀ ò sí níbí, inú ọkọ̀ nìkan ló ti lè ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ òótọ́ fún ẹ́ńjìnì ayé òde òní tí kọ̀ǹpútà ń darí. Fún 200Tdi, irọ́ ni. Pọ́ǹpù Bosch tó wà lára rẹ̀ kò mọ kọ̀ǹpútà. Wáyà kan ṣoṣo láti bátìrì sí solenoid tó ń ṣí epo lórí pọ́ǹpù náà ti tó, pẹ̀lú wáyà gbọọrọ fún sítátà, ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnì, àti dísẹ̀lì nínú jálá. Ẹ gbé ẹ́ńjìnì náà lé táyà àtijọ́, ẹ dè é dáadáa, torí ó máa ń ta tó bá jí. Kí pátákó pẹlẹbẹ kan wà nítòsí. Tọ́bò tó ti gbó lè máa fa ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnì, kí ẹ yọ wáyà kó má sì kú, kó máa sáré sí i. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, pátákó yẹn lẹ máa fi dí ẹnu ibi tó ń gba afẹ́fẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ dí i, mo bẹ̀ yín.

Kí ẹ tó tan án, ẹ fi ọwọ́ kàn án. Tó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó dé, wọ́n ti fi ẹ̀tàn jí i sílẹ̀ dè yín, ẹ jókòó kó tutù. Ẹ fi sípánà yí bóòtù iwájú kíráńkì yípo méjì kíkún. Ẹ́ńjìnì tó ti gan tí wọ́n fi dísẹ̀lì rin kó lè yọ̀ máa ń há níbì kan. Ẹ yọ géèjì ọ́ìlì: tí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Tó bá ki ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ti da ọ́ìlì gíá sí i kó má baà yọ èéfín. Tó bá wá ń ṣiṣẹ́, ẹ tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Èéfín díẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́, ṣùgbọ́n tó bá ń tú jáde fùù fùù, rínńgì ti lọ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ́ láìsí omi. Ẹni tó bá lè yá géèjì tí wọ́n fi ń wọn kọ́ńpíréṣọ̀n dísẹ̀lì, ìyẹn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kó yá a, torí ti pẹtiróòlù kò ní gbà á. Kí iye tí géèjì bá kà fún sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin súnmọ́ra wọn ló ṣe pàtàkì jù.

Ti ọ̀rẹ́ mi ní Mọ́níyà yàtọ̀ díẹ̀. 200Tdi gidi ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tó sanwó àti ìgbà tí ọkọ̀ gbé e dé, alternator tó ń fún bátìrì níná ti lọ, tọ́bò ti lọ, pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ fún bíréèkì náà ti lọ. Oníṣòwò ní "ẹ́ńjìnì" lòun tà, òun kò ta "ara ẹ́ńjìnì". Nítorí náà, gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi gbogbo owó ránṣẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ níṣojú yín. Kí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì bá ti orí rìsíìtì mu. Kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ pé gáráńtì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ tan án nínú ọkọ̀. Olóòótọ́ oníṣòwò máa jiyàn lórí iye ọjọ́, ó lè ní kò gbọdọ̀ ju oṣù kan tàbí méjì lọ, ìyẹn kò burú. Oníṣòwò tí mò ń sọ yìí bínú nígbà tí ọ̀rẹ́ mi dábàá rẹ̀, ó sì gé fóònù.

Ẹni tí wọ́n bá ti lù ní jìbìtì, kó má jókòó sílé sunkún. Ẹ lọ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó ń bójú tó ọjà yẹn pẹ̀lú rìsíìtì, fídíò àti gbogbo ọ̀rọ̀ orí WhatsApp. Wọn kì í fẹ́ kí orúkọ ọjà bàjẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ ti máa ń tètè yanjú jù. Ẹ má jẹ́ kí "a kì í dá owó padà" tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì dẹ́rù bà yín: òfin FCCPA ti 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà, dáàbò bo ẹni tó ra ọjà tó lábùkù, ẹ sì lè gbé ẹ̀sùn lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin náà.

Ẹni tí wọ́n bá ti bi ní ìbéèrè "ta ló máa bá yín gbé e sínú ọkọ̀" yẹn, tó sì ti sanwó, kó fi fídíò nọ́ńbà ẹ́ńjìnì rẹ̀ àti rìsíìtì ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn àgbà ọjà ní bí ẹjọ́ wa bá ṣe pọ̀ tó ló máa yá tó, a sì ń kó gbogbo rẹ̀ jọ fún wọn lọ́wọ́lọ́wọ́.