Aró, àlààrì àbí sányán: àwọ̀ wo ni kí ẹ mú fún ìgbéyàwó ní Abẹ́òkúta?

Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń múra ìgbéyàwó ti ń mú àwọ̀ báyìí. Bí wọ́n bá ti mú un tán, wọ́n á wá máa rọ́ káàkiri ọjà láti wá aṣọ tó jọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ wo aṣọ tí àwọn èèyàn wa ń fọwọ́ ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọ̀ ti ara aṣọ wá. Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: aró (búlúù tó dúdú) pẹ̀lú funfun, àlààrì (aṣọ òkè pupa) pẹ̀lú góòlù, àti sányán (aṣọ òkè aláwọ̀ ilẹ̀ fífúyẹ́) pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Ẹ̀yìn aró ni mo wà, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Aró àti funfun

Ẹ dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, kí ẹ tó lọ ibòmíràn. Bí ẹ bá béèrè àdìrẹ níbẹ̀, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n lè kó síwájú yín, iye owó wọn kò sì gbọdọ̀ dọ́gba.

Èkíní ni àdìrẹ aláró gan-an, tí wọ́n fi ewé èlú àti omi eérú pa. Bí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, ó máa ń rí bí ewé tútù. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Bí wọ́n bá ṣe rì í sí i ló ń dúdú sí i. Nítorí náà, aró ìkòkò òní àti tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra délẹ̀délẹ̀. Èkejì ni kámpálà, aró òyìnbó àti sódà ni wọ́n fi ń pa á. Gbogbo àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń yá ju ti èlú lọ. Ẹ̀kẹta ni ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wò: bí ẹ̀yìn bá ṣì funfun báláú, tí ọnà náà sì ń tún ara rẹ̀ ṣe láìyẹ̀ rárá láti etí dé etí, ẹ̀rọ ló ṣe é. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe ọnà méjì kó bára mu tó bẹ́ẹ̀.

Fún aṣọ ẹbí èèyàn púpọ̀, kámpálà aláwọ̀ aró ni mo máa rà, nítorí ó rọrùn fún aláró láti pa púpọ̀ kó dọ́gba. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n tà á ní yáàdì 5. Aláró èlú ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìyàwó, ọkọ àti àwọn òbí. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi díẹ̀ kún un, torí kò sí ìgbéyàwó tí ẹ̀gbọ́n kan kì í ti Èkó pè lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn pé òun náà ń bọ̀.

Àléébù aró: ó ń ṣí. Ẹ fi omi ṣàn án lọ́tọ̀ títí omi á fi mọ́, kí ẹ sá a sí ibòòji kí télọ̀ tó gé e, àìṣe bẹ́ẹ̀ yóò ba funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí ìnáwó bá bọ́ sí ìgbà òjò, ẹ tètè sanwó, torí aṣọ tí wọ́n pa láró kì í tètè gbẹ nígbà náà.

Àlààrì àti góòlù

Ibi kan wà tí àlààrì ti borí aró pátápátá: inú gbọ̀ngàn ní alẹ́. Iná aláwọ̀ pọ́pù tí àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ń tàn lóde òní máa ń sọ aró di dúdú nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n pupa àlààrì kì í sá. Lójú ọ̀sán, ní ẹsẹ̀ Olúmọ, àwọn méjèèjì yọ dáadáa lára òkúta eléérú náà.

Ṣùgbọ́n aṣọ òkè ni àlààrì, ó wúwo, ó sì wọ́n. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ tó bí íǹṣì 4 ni wọ́n ń hun, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Kí ẹ fi wọ gbogbo ẹbí láti orí dé ẹsẹ̀, ìyà ni fún wọn nínú ooru wa. Gèlè àti fìlà ti tó. Ohun mìíràn ni pé iyùn ìyàwó máa ń sọnù sórí pupa.

Sányán àti àwọ̀ ewé

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ àwọ̀ fífúyẹ́ bíi píìṣì àti kíríìmù, sányán ni kí ẹ rà. Irú àwọ̀ fífúyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí wọ́n ń fi òwú inú ilé kòkòrò hun ún. Iyùn kò dára lórí aṣọ kankan tó bó ṣe dára lórí sányán. Ẹ ṣáà béèrè kí ẹ tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ tó wà lọ́jà lónìí jẹ́ òwú lásán tí wọ́n pa láwọ̀ sányán. Eruku ọyẹ́ àti ọbẹ̀ ata ni ọ̀tá rẹ̀. Mi ò ní fún àwọn tó ń pín oúnjẹ wọ̀.

Bí ẹbí méjèèjì kò bá gbà fún ara wọn, ẹ fi àdìrẹ aró sí ọ̀dọ̀ ẹbí ìyàwó, kí ẹbí ọkọ wọ funfun tiwọn tó wà nílé pẹ̀lú fìlà àti gèlè aró. Ìnáwó wọn á fúyẹ́, kò sì ní sí ẹni tó máa jẹ gbèsè nítorí ọjọ́ kan. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, aró nìkan ló gba èyí láìsí wàhálà, nítorí kò sílé tí kò ní aṣọ funfun.

Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ tọrọ ègé aṣọ kékeré lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ẹ gbé e sí oòrùn ọ̀sán, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn tí ìyàwó máa lò, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sí gbọ̀ngàn tí ẹ gbà, kí wọ́n tan iná wọn sí i, kí ẹ sì ya á ní fọ́tò.