Nancy Drew: ẹ̀dà búlúù àtijọ́ àti àtúntẹ̀ Applewood, èwo ló tó owó ẹ̀?

Nancy Drew ni ọmọbìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ọ̀wọ́ ìwé ìtàn kan ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn ẹ̀ bó ṣe rí ní 1930, kó ra àtúntẹ̀ ilé iṣẹ́ Applewood. Ẹni tó bá fẹ́ kó ìwé jọ, kó wá ẹ̀dà aláṣọ búlúù tí àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì pé nínú ẹ̀, ì báà má ní jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bébà tí wọ́n fi ń wé páálí ìwé. Èyí tó ní jákẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn gan-an ni owó ẹ̀ máa ń ga fíofío, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń tan èèyàn jẹ jù.

Ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé kò fi nǹkan kan hàn. Léraléra ni ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Grosset & Dunlap tún The Secret of the Old Clock tẹ̀, 1930 náà ni wọ́n sì ń fi síbẹ̀, láìsọ pé ìtẹ̀ kejì tàbí ìtẹ̀ kẹwàá nìyí. Ohun tó ń tú àṣírí ni àkójọ orúkọ àwọn ìwé yòókù tí wọ́n fi ń polówó. Ìwé mẹ́ta ló kọ́kọ́ jáde pọ̀ ní oṣù kẹrin 1930: Old Clock, The Hidden Staircase àti The Bungalow Mystery. The Mystery at Lilac Inn tẹ̀ lé wọn lọ́dún náà. Bí ẹ bá wá bá The Clue in the Diary nínú àkójọ Old Clock, ẹ̀dà yẹn kò lè ṣáájú 1932, torí pé 1932 ni Diary jáde. Ẹ wo àkójọ ara jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo tinú ìwé pẹ̀lú. Bí ti inú bá parí sí Lilac Inn, tí ti jákẹ́ẹ̀tì sì dé Diary, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé jákẹ́ẹ̀tì ìwé mìíràn ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Àmọ́ àkójọ tó kúrú nìkan kò sọ ìwé di ìtẹ̀ àkọ́kọ́, torí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ìwé tuntun tó jáde. Farah's Guide, ìwé atọ́nà tí David Farah ṣe, ló to ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ. Kí ẹ tó san owó ńlá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ṣí páálí iwájú. Nínú àwọn ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀, bébà tó lẹ̀ mọ́ páálí nínú mọ́ lóló, kò sí àwòrán kankan lára ẹ̀. Bí ẹ bá rí òjìji ọmọbìnrin aláwọ̀ ọsàn níbẹ̀, ìtẹ̀ tó dé lẹ́yìn ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka iye àwòrán tí ayàwòrán Russell H. Tandy yà, tó wà lórí bébà dídán: ọ̀kan kọjú sí ojú ewé àkọlé, mẹ́ta wà láàárín ìtàn. Àwọn ọmọdé máa ń fa àwòrán ya. Ẹ fi ìka tọ kòtò tí ojú ewé ti pàdé. Bí wọ́n bá ti fa ọ̀kan yọ, ẹ máa bá ètí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó kù síbẹ̀. Bí bébà dídán bá sì ti rí ọ̀rinrin rí, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ewé tó kàn án. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti ṣí i, àwòrán ló máa bó dànù.

Ọdún 1991 ni Applewood bẹ̀rẹ̀ àtúntẹ̀ tiwọn. Iṣẹ́ dáadáa ni. Orí 25 inú ìwé àtijọ́ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe orí 20 tí wọ́n gé e kù sí ní 1959, nígbà tí wọ́n sọ Nancy ọmọ ọdún 16 di ọmọ ọdún 18. Nancy ti 1930 láyà, ó sì lẹ́nu ju ti ẹ̀yìn lọ, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n ohun tó burú nínú ẹ̀dà àtijọ́ bá a wá pẹ̀lú: bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe Jeff Tucker, aláwọ̀ dúdú tó ń ṣọ́ ilé, ń dunni. Bí ẹ bá fẹ́ fún ọmọdé, ẹ jókòó tì í kà á.

Jákẹ́ẹ̀tì àtúntẹ̀ lórí ìwé àtijọ́ náà wà lọ́jà. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po máa ń funfun, kò gbó bí ìwé tó wà nínú ẹ̀. Ìwé tí ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, bá sì wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ti 1930, torí kò tíì sí ISBN nígbà náà.

Ní ti jákẹ́ẹ̀tì gidi, orí ọ̀pá ẹ̀yìn ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń fà á, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń ya. Ẹ sọ fún olùtajà kó ya fọ́tò inú ẹ̀ náà. Sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn máa ń pọ́n, gọ́ọ̀mù ẹ̀ á sì wọ bébà títí á fi hàn níwájú, kì í sì í sábà ṣí mọ́. Bí tiyín bá ya, ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Mylar, ọ̀rá tó mọ́ gaara, ni kí ẹ fi wé e, kí ẹ ṣẹ́ etí Mylar náà po, kí gọ́ọ̀mù má kan jákẹ́ẹ̀tì rárá.