Ọkọ̀ kékeré tó ti pẹ́ láyé: ṣé mánúà ni kí ẹ rà ni, àbí ọtomátíìkì?

Ẹni tó ń gbé Ẹkìtì, tó fẹ́ ra ọkọ̀ kékeré tó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, irú Corolla 2003 sí 2008 tó kún títì Adó, kò nílò kí n máa ka iye ìjókòó fún un. Ọ̀rọ̀ jíà ni mo fẹ́ ká sọ: mánúà ni èyí tí ẹ ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀, tí ẹ sì ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kíláàṣì, tó ń ya ẹ́ńjìnnì kúrò lára jíà; ọtomátíìkì ń yí tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti ní ọtomátíìkì rí, mánúà ni mo ń wà báyìí. Owó tí èyí àkọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi láàárín ọjọ́ mẹ́rin, èkejì kò tíì gbà á láti ìgbà tí mo ti rà á.

Ti epo: mánúà kì í jẹun tó ọtomátíìkì oníjíà mẹ́rin ìgbà yẹn, kò sì sẹ́ni tí kò mọ bí epo ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní 2023. Ti títà: ọtomátíìkì ló yá tà, torí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò kọ́ kíláàṣì mọ́. Bátìrì mánúà bá kú láàárọ̀, ẹni méjì á tì í, ẹ ó jù ú sí jíà kejì, ó dún. Ọtomátíìkì kò gba ìyẹn. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó fi mánúà sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò yàtọ̀: ṣéènì onírin ni Corolla tí mo dárúkọ yìí ń lò dípò bẹ́líìtì táímìn onírọ́bà, nítorí náà tí mẹkáníìkì bá bèèrè owó bẹ́líìtì táímìn, ẹ bi í pé bẹ́líìtì wo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ooru ló ń pa ọtomátíìkì, òkè sì ni ooru rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ́ìlì jíà máa ń gba páìpù wọ inú rédíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, lọ tutù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló là á láàárín òun àti omi. Bí rédíétọ̀ bá gbó, tí irin yẹn dá lu, omi á wọ ọ́ìlì, jíà á sì bàjẹ́, bó ti wù kó lágbára tó tẹ́lẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ọkọ̀ mi ìgbà náà, nítorí èyíkéyìí tó ń mú ọ́ìlì jíà tutù báyẹn ló lè ṣẹlẹ̀ sí. Rédíétọ̀ rẹ̀ ń jò ní 2023. Tuntun jẹ́ ₦60,000. Mẹkáníìkì ní òun á bá mi rí Bẹ́líjíọ̀mù, àlòkù, ní ₦35,000, mo gbà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti ìyàwó mi ń lọ síbi òkú ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè. A kọjá Ìyìn, a kọjá Ìgèdè àti Àràmọ̀kọ, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn Ìta-Awúrẹ́, bí a ṣe kọjú sókè, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn. Ìyàwó mi bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òkú lára rẹ̀, ó gbé òkúta sẹ́yìn táyà. Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì jíà yọ: ó rí bí ògì tí wọ́n po epo pupa mọ́. Awakọ̀ kan tó dúró wò wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣáná sí i mọ́ o. Omi ti wọ jíà."

Fífà á padà sí Adó, ₦40,000. Jíà Bẹ́líjíọ̀mù, ₦230,000. Ọ́ìlì, ₦24,000. Iṣẹ́ ọwọ́, ₦35,000. Rédíétọ̀ tuntun tí mo sá fún, ₦60,000. Ẹ ròó pọ̀: ₦389,000, torí ₦25,000 tí mo ń ṣọ́.

Mánúà ní ọ́ìlì tirẹ̀ nínú jíà, kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ omi rédíétọ̀. Kíláàṣì ló ń jẹ, ó sì máa ń sọ fún ẹ̀dá kó tó kú: ẹ ó gbóòórùn jíjó, yóò máa yọ̀ lórí òkè, bíárìn rẹ̀ á máa han tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Èmi gbọ́ tèmi fún oṣù mẹ́ta kí n tó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ní 2024: ẹrù ₦78,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦20,000. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ kíláàṣì dá ọkọ̀ dúró lórí òkè ló máa ń tètè jó o; hándìbúréèkì ni kí ẹ fà.

Tí ẹ bá fẹ́ yẹ ọtomátíìkì wò, ẹ lọ ní kùtùkùtù, kí olówó rẹ̀ tó fi iná sí i. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá ó tutù. Ẹ fi hánkáṣíìfù funfun nu ọ̀pá ọ́ìlì jíà: pupa dára, dúdú tó ń rùn bí ohun tó jó kò dára, èyí tó bá dà bí ògì, ẹ máa lọ sílé. Ẹ wà á títí yóò fi gbóná, kí ẹ sì gun òkè. Fún mánúà, ẹ fa hándìbúréèkì, ẹ jù ú sí jíà kẹta, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bó bá kú, kíláàṣì ṣì wà. Bó bá ń dún lọ, ẹ yọ owó kíláàṣì kúrò nínú iye tí wọ́n pè.

Méjèèjì ló dára fún ẹni tó bá yẹ. Ẹni tí kì í kúrò láàárín Adó, tó ń lọ ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì, ọtomátíìkì á sìn ín. Ẹni tí ọ̀nà ilé rẹ̀ gba Ẹ̀fọ̀n, Òkèmẹ̀sí tàbí Ìkọ̀gòsì, mánúà ni mo máa bá a wá. Bí ẹ bá sì ti ra ọtomátíìkì kí ẹ tó ka èyí, rédíétọ̀ tuntun ni kí owó àkọ́kọ́ lọ sí, kí ẹ tó ra ìbòrí ìjókòó.