Ẹ̀yìn ni kí ẹ wò: àbẹ̀wò àwa akẹ́kọ̀ọ́ sí Mùsíọ́mù Acropolis ní Áténì

Ọ̀rọ̀ irun ló mú mi jókòó kọ èyí. Bí kì í bá ṣe ti irun, ǹ bá kàn bú àwọn tó kó wa lọ, ǹ bá sì sùn.

Àwa 19 la ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ rìnrìn àjò gba owó wa, wọ́n ṣèlérí wákàtí 3 nínú mùsíọ́mù pẹ̀lú amọ̀nà gidi. Amọ̀nà pẹ́ ní ìṣẹ́jú 50, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó gbé agbòòrùn pupa sókè, ó bẹ́ sí eré. Mo dúró lórí ilẹ̀ onígíláàsì pé kí n wo àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n wú jáde nísàlẹ̀, ilé àti balùwẹ̀ ayé ọjọ́un (ìró ni mo ró, mo kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èèyàn wà lábẹ́ mi), ló bá ń pàtẹ́wọ́ sí mi bí ẹni ń lé adìẹ.

Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Caryatid, obìnrin òkúta 5 tí wọ́n ń forí ru òrùlé Erechtheion, tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan, tẹ́lẹ̀, ó ní, "Ìkẹfà wà ní Lọ́ńdọ̀nù," ó ti kọjá lọ.

Mo dúró. Màmá kan tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀ fi ìka pè mí. Àyà mi já, mo rò pé mo ti sún mọ́ ọn jù. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn ni kí o wò."

Iwájú ti jẹ. Èéfín ìlú ti bá a jà kí wọ́n tó gbé wọn wọlé ní 1979. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn! Irun dídì tó nípọn, tó ya ara wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Màmá ní ọrùn ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, irun yẹn ni kò jẹ́ kó ṣẹ́ lábẹ́ ẹrù. Mo wo ohun tó wà lórí wọn, mo ní òṣùká rèé! Mo ṣàlàyé òṣùká fún wọn. Wọ́n wo kòlẹ́sẹ̀ tí mo dì, wọ́n bi mí pé wákàtí mélòó. Mo ní mẹ́rin. Wọ́n mí kanlẹ̀, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n di irun ọ̀hún.

Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti rí ìkẹfà.

"Rárá, mà."

Irọ́ ni. Mo ti rí i, mo ti bá a ya fọ́tò. Mùsíọ́mù tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, British Museum, kan náà ni orí idẹ Ifẹ̀ wà, tí mo bínú lé lórí tí mi ò jẹun ọ̀sán. Ti obìnrin yìí ò tilẹ̀ ta mí lára.

Lókè pátápátá, mi ò gbádùn mọ́. Ère tó yí tẹ́ńpìlì Parthenon ká gùn tó mítà 160. Nǹkan bí 50 ló wà níbẹ̀, 80 wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojúlówó pọ́n bí oyin, àdàkọ tí wọ́n fi rọ́pò àwọn tí kò sí níbẹ̀ funfun báláú. Gbogbo ibi tó funfun ń wò mí. Agbòòrùn pupa ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Máàkì ìrìn àjò náà: 4 nínú 5. Owó tí mo ní kí wọ́n dá padà, wọn ò tíì fèsì.