Aláìlójú, Olójú, tàbí Adádúró: Ìfiwéra Tábúlẹ́ẹ̀tì Ìyàwòrán fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Rà Á

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán inú ìwé ọmọdé nínú yàrá mi ní Ìbàdàn. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí, mo ra tábúlẹ́ẹ̀tì aláìlójú kan tí mo ṣì ń lò títí di òní, mo ra olójú kan tí ó jẹ mí lówó ju bí ó ti yẹ lọ, mo sì yá iPad àbúrò mi lò fún oṣù mẹ́rin gbáko kí ó tó wá gbà á. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín ni ẹni tí ó ti tu owó jọ, tí ó ti mọ̀ pé máòsì kò lè fa ìlà ìṣẹ́po gèlè kí ó dán, ṣùgbọ́n tí kò tíì mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òun yóò gbé lọ sílé. Iye pixel, ìwọ̀n àti àwọ̀ wà lára páálí. N kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Orúkọ ni kí á kọ́kọ́ là yé ara wa, nítorí pé orúkọ gan-an ti ṣi àwọn kan lọ́nà. Aláìlójú ni mo ń pe pátákó pẹlẹbẹ tí kò ní ojú ìwòran kankan: ẹ ó máa fi pẹ́ẹ̀nì fa ìlà lórí rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ni ẹ ó sì máa wò. Wacom Intuos, Huion Inspiroy àti XP-Pen Deco ni ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tí mo mọ̀. Olójú ni èyí tí àwòrán ń hàn lábẹ́ pẹ́ẹ̀nì gan-an, bíi Wacom Cintiq, Huion Kamvas àti XP-Pen Artist, ṣùgbọ́n tí kò lè ṣe ohunkóhun bí a kò bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Adádúró ni iPad àti Samsung Galaxy Tab, tí kọ̀ǹpútà wọn wà nínú wọn. Ẹ kíyè sí i pé One by Wacom jẹ́ aláìlójú, nígbà tí Wacom One tí ó jáde ní 2020 jẹ́ olójú. Nígbà tí ó sì di 2023, iléeṣẹ́ náà tún fi Wacom One pe àwọn olójú àti àwọn aláìlójú pa pọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yà yín lẹ́nu, ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀: D ni nọ́ńbà àwọn olójú Wacom fi ń bẹ̀rẹ̀, bíi DTC tàbí DTK. Bí ẹ bá rí CTL, pátákó lásán ni, bí ó ti wù kí ẹni tí ó ń tà á polówó rẹ̀ tó.

Nípa iye ìpele tí pẹ́ẹ̀nì fi ń mọ bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, 2,048 ni One by Wacom ní, 4,096 ni Intuos, 8,192 ni ọ̀pọ̀ Huion àti XP-Pen, àwọn tuntun nínú wọn sì ti dé 16,384. Ọwọ́ tèmi kò mọ ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Ẹ má tìtorí rẹ̀ fi náírà kan lé owó.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ bèèrè nípa pẹ́ẹ̀nì ni bóyá ó ní bátìrì. Ọgbọ́n tí a fi mọ Wacom, iléeṣẹ́ ará Japan tí a dá sílẹ̀ ní 1983, ni pé pátákó fúnra rẹ̀ ni ó ń fún pẹ́ẹ̀nì ní agbára láti ìsàlẹ̀ wá, tí pẹ́ẹ̀nì kò fi ní ohun tí à ń ṣáájì. Huion àti XP-Pen náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, àmọ́ àwọn Huion àtijọ́ kan ṣì wà nínú ọjà tòkunbọ̀ tí pẹ́ẹ̀nì wọn nílò ṣáájì. Bí bátìrì inú pẹ́ẹ̀nì bẹ́ẹ̀ bá kú, ohun tí ó kù lọ́wọ́ yín dára fún gígé ẹ̀fọ́.

Ní ti fífẹ̀, ẹ má ra èyí tí ó kéré jù bí owó bá lè ká ti àárín. Ibi ìyàwòrán Intuos kékeré kò ju mìlímítà 152 sí 95 lọ, bí àtẹ́lẹwọ́ lásán. Mo fi ti ọ̀rẹ́ mi kan ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọrùn ọwọ́ nìkan ni ó ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, yóò máa ro mí bí ẹni tí ó fọ aṣọ ọdún. Ti àárín, tí ó jẹ́ 216 sí 135, ń jẹ́ kí apá láti ìgbọ̀nwọ́ kópa, ìlà gígùn a sì dúró ṣinṣin. Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi: bí ẹ bá ti so pátákó mọ́ kọ̀ǹpútà tán, ẹ wọ inú ètò rẹ̀, kí ẹ sì mú kí ìbú àti gígùn rẹ̀ bá ti ojú kọ̀ǹpútà mu. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ ó ya òṣùpá, ẹyin ni yóò jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rò pé ọwọ́ mi ni kò dára.

Ẹ̀sùn tí gbogbo ènìyàn fi ń kan aláìlójú ni pé ọwọ́ wà nísàlẹ̀, ojú wà lókè. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kọ orúkọ ara mi, ó sì rí bí ibi tí adìyẹ ti fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Mo ń fi ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ ya òbírí, mo ń fa ìlà, mo sì ń kọ orúkọ náà. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, n kò rántí mọ́ pé ọwọ́ mi wà níbì kan tí ojú mi kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ṣáà ni a ń lo máòsì. Èrè kan tilẹ̀ wà níbẹ̀: ọwọ́ kì í bo iṣẹ́, ọrùn kì í sì tẹ̀ bí ti ẹni tí ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ya àwòrán lórí pépà yóò fẹ́ràn olójú láti wákàtí àkọ́kọ́, n kò sì ní sọ pé ó ṣìnà. Bí a bá fẹ́ fa ìlà tín-ín-rín gba etí ìpéǹpéjú kọjá, kò sí ohun tí ó dà bí kí ojú máa wo ẹnu pẹ́ẹ̀nì gan-an.

Wàyí o, wáyà. N kò tíì rí ẹni tí ó fi àwọn ohun èlò wọ̀nyí wéra tí ó sọ ju gbólóhùn kan lọ nípa rẹ̀, òun sì ni ó kó mi lówó jù.

Tòkunbọ̀ ni mo ra olójú mi. N kò ní dárúkọ ẹni tí ó ṣe é tàbí ẹni tí ó tà á, nítorí pé irú wáyà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó ní: ọ̀kan jẹ́ HDMI tí ń gbé àwòrán wá, ọ̀kan jẹ́ USB tí ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí pẹ́ẹ̀nì wà, ọ̀kan sì jẹ́ USB tí ń fa iná. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta para pọ̀ di orí kan ṣoṣo tí ń wọ ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, ihò náà sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí orí wáyà mìíràn kò lè kàn án. Ní oṣù karùn-ún, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú nígbàkígbà tí nǹkan bá fara kan orí náà. Mo ká pépà, mo fi ki abẹ́ rẹ̀. Mo fi rọ́bà dè é. Nígbà tí ó yá, mo gbé igun òsì tábúlẹ́ẹ̀tì lé orí ìwé atúmọ̀ èdè kan kí wáyà má baà tẹ̀. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí ojú ìwé méjìlá yóò jáde lọ́wọ́ mi, mo ń fa ìlà ìkẹyìn nínú irun ṣùkú ìyá àgbà kan nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Nígbà tí àwòrán padà dé, ìlà náà ti gba iwájú orí ìyá kọjá dé àgbọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ gbé HDMI lásán fún mi. Ìkejì ní kí n mú wáyà USB-C tí wọ́n fi ń ṣáájì fóònù, pé orí kan náà ni. Orí lè jọra kí iṣẹ́ má jọra: ọ̀pọ̀ wáyà bẹ́ẹ̀ kò lè gbé àwòrán, ihò USB-C ara kọ̀ǹpútà pàápàá kò sì lè gbé e àyàfi bí wọ́n bá ṣe é fún DisplayPort, ìyẹn ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń gbé àwòrán jáde, èyí tí kò sí lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú. Ẹni kẹta yí wáyà mi síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí ò sí lọ́jà o. Ẹ jẹ́ kí n wá tábúlẹ́ẹ̀tì mìíì fún yín.” Òun nìkan ni ó sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Òkè òkun ni mo ti ra wáyà náà níkẹyìn. Oṣù kan ààbọ̀ ni ó fi dé, nígbà tí mo sì ro owó rẹ̀, owó ìfiránṣẹ́ àti owó aṣọ́bodè pọ̀, ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí mo ra tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, tuntun yìí náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Ní gbogbo àkókò yẹn, Intuos ìwọ̀n àárín tí mo ní ń lo wáyà micro-USB, irú èyí tí fóònù àtijọ́ ń lò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wáyà rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́fà wá. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tí ó ń ta ṣájà ní ìdíkọ̀ ni mo ti ra òmíràn, mo sì ti padà délé kí ìrẹsì tí mo gbé kaná tó jinná. Ìkìlọ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ: ẹ sọ fún ẹni tí ó ń tà á pé èyí tí ó lè gbé fáìlì ni ẹ fẹ́, nítorí pé àwọn wáyà kan ń gbé iná nìkan, pátákó yóò tàn, ṣùgbọ́n ẹ ó fa pẹ́ẹ̀nì títí, kò sí ohun tí yóò mira.

Bí ọkàn yín bá ṣì wà lára olójú, ẹ wá wáyà rẹ̀ kí ẹ tó san owó tábúlẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá rí ibi tí wọ́n ti ń tà á lọ́tọ̀, ẹ kọjá lọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ ra ọ̀kan sí i lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà yín ní ihò HDMI. Ẹ má fi ẹsẹ̀ iná sínú kọ̀ǹpútà, ṣájà ara ògiri ni kí ẹ kì í sí, nítorí pé iná tí USB kọ̀ǹpútà ń fún un kì í sábà tó, àìtó náà sì máa ń mú kí àwòrán ṣẹ́jú bí ti wáyà tí ó bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà ní títàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níwájú ẹni tí ó ń tà á, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ mi orí wáyà náà díẹ̀díẹ̀.

Iná ìjọba kò yé ẹnikẹ́ni, nítorí náà ìrírí mi nìkan ni mo lè sọ: bátìrì kọ̀ǹpútà mi ń gbé aláìlójú fún wákàtí mẹ́ta ó lé, nígbà tí olójú bá wà lára rẹ̀, kò pé méjì.

Adádúró kò ní ìyọnu wáyà, iPad sì ni mo gbádùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún yíya nǹkan lórí ìjókòó, pàápàá nítorí Procreate, ètò ìyàwòrán kan tí a ń san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí kò sì sí lórí Android tàbí Windows. Pẹ́ẹ̀nì iPad, tí ń jẹ́ Apple Pencil, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀tọ̀ ni a ń rà á, irú mẹ́rin ni ó sì ti jáde: ti 2015, ti 2018, ti USB-C ní 2023 àti Pro ní 2024. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń bá gbogbo iPad ṣiṣẹ́. Ti USB-C ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà ni kò mọ̀ rárá bóyá ẹ tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀ tàbí ẹ rọra, èyí tí ó jẹ́ ìdajì ohun tí à ń ra pẹ́ẹ̀nì fún. Ní ti Samsung, S Pen, ìyẹn pẹ́ẹ̀nì tiwọn, wà nínú páálí Tab S6 Lite, kò sì nílò bátìrì láti yàwòrán. Ṣùgbọ́n Tab A8 àti A9 kò mọ S Pen rí, pẹ́ẹ̀nì olórí rọ́bà tí àwọn kan yóò fi kún un fún yín kò sì sàn ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí adádúró bá gbó, gbogbo rẹ̀ ni ó gbó. Kọ̀ǹpútà méjì ni ó ti kú lójú aláìlójú mi.

Owó ètò ìyàwòrán kò yẹ kó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: ọ̀fẹ́ ni Krita lórí Windows, Linux àti Mac, òun ni mo sì fi ń jẹun.

N kò sọ pé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wúlò. Olójú yẹ ẹni tí iṣẹ́ ìyàwòrán ti ń bọ́, tí ó ní iná tí kì í lọ, tábìlì tí kì í kúrò lójú kan, àti owó wáyà kejì. Adádúró yẹ ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà tí kò sì fẹ́ ní in. Àwọn tí ó kù, tí wọ́n sì pọ̀ jù nínú wa, kí wọ́n ra aláìlójú ìwọ̀n àárín, kí wọ́n fara da ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fi owó tí ó ṣẹ́kù ra RAM, ìyẹn àyè ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, sí kọ̀ǹpútà wọn.

Olójú tèmi wà nínú páálí rẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú rẹ̀ ṣì mọ́ kedere, kò sí ohun tí ó ṣe pẹ́ẹ̀nì rẹ̀. Wáyà ni kò ní.